Centroid ìrísí alákànpọ̀: kí ló dé tí ìdáhùn mi ò bá ti ìwé mu?

Ọ̀dọ́_Oníṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè Statics kan (ẹ̀kọ́ nípa agbára lára ohun tó dúró jẹ́ẹ́) ló gbé mi wá. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n yà, wọ́n ní ká wá centroid rẹ̀, ìyẹn ojú àárín gbùngbùn éríà rẹ̀. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán síbí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀.

Onígun mẹ́rin gbọọrọ kan ló wà nísàlẹ̀: ó fẹ̀ ní 120 mm, ó ga ní 80 mm. Igun rẹ̀ ìsàlẹ̀ lápá òsì ni mo fi ṣe odo. Onígun mẹ́ta kan jókòó lé e lórí lápá òsì. Ìdí rẹ̀ jẹ́ 60 mm, gíga rẹ̀ 60 mm, igun 90° rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òsì. Lápá ọ̀tún, ìdajì òbìrí kan lẹ̀ mọ́ onígun mẹ́rin náà. Rédíọ̀sì rẹ̀ 40 mm, àárín rẹ̀ wà ní (120, 40). Wọ́n wá lu ihò róbótó kan sí (120, 40) yẹn kan náà, rédíọ̀sì ihò jẹ́ 20 mm.

Èmi rí x̄ = 87.5 àti ȳ = 56.5, ìyẹn bí centroid ṣe jìnnà sí odo ní mm, sọ́tùn-ún àti sókè. Ìwé ní 63.6 àti 48.5. Bí mo ṣe ń tún un ṣe tó, ibì kan náà ló ń já sí.

Onírúlà

Nọ́ńbà méjì péré lo kó wá, a ò lè tibẹ̀ mọ ohun tó o ṣe. Gbé àtẹ rẹ jáde: éríà ìpín kọ̀ọ̀kan (A), x àti y centroid rẹ̀, Ax (A lọ́nà x), Ay (A lọ́nà y).

Ọ̀dọ́_Oníṣirò

Ẹ ṣé sà. Òun rèé:

Onígun mẹ́rin: A = 9,600; x = 60; y = 40; Ax = 576,000; Ay = 384,000
Onígun mẹ́ta: A = 1,800; x = 20; y = 100; Ax = 36,000; Ay = 180,000
Ìdajì òbìrí: A = 2,513.3; x = 136.98; y = 40; Ax = 344,260; Ay = 100,531
Ihò: A = −1,256.6; x = 120; y = 40; Ax = 150,796; Ay = 50,265

Àpapọ̀ A jẹ́ 12,657, ti Ax jẹ́ 1,107,056, ti Ay jẹ́ 714,796. Mo wá fi A pín méjèèjì.

Ìyá_Àtẹ

Wo ìlà tó gbẹ̀yìn, ọmọ mi. O fi àmì àyọkúrò sí éríà ihò, ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan Ax àti Ay, o gbàgbé àmì yẹn sẹ́yìn. −1,256.6 lọ́nà 120 ò lè di nǹkan mìíràn ju −150,796 lọ. O yọ irin kúrò lábẹ́ ìpín, o wá rò ó pọ̀ mọ́ òkè.

Dá àmì náà padà: àpapọ̀ Ax di 805,463, ti Ay di 614,266. Pín wọn pẹ̀lú 12,657, wàá rí 63.64 àti 48.53. Ìwé ò parọ́.

Ìyókù iṣẹ́ rẹ mọ́ o, mo sì fẹ́ yìn ọ́ fún ìdajì òbìrí yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí. Centroid rẹ̀ jìnnà ní 4r/3π (r ni rédíọ̀sì), láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gún gbọọrọ ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn láti ìlà tó gba àárín òbìrí kọjá. Rédíọ̀sì 40 fún wa ní 16.98, nítorí náà 120 + 16.98. Àwọn mìíràn á ti etí tó tẹ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ 160 − 16.98 = 143.02. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé x̄ á wá di 64.8, ó sún mọ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò ní tètè fura sí i.

Ọ̀dọ́_Oníṣirò

Haa! Àmì lásán! Ẹ ṣé gan-an mà.

Akọ́ṣẹ́_Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Kí ló ní ká má kàn kó x mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ká pín in sí mẹ́rin? Wọ́n ti fún wa ní irin onírísí T rí: apá tó dúró fẹ̀ ní 20, ó ga ní 100, apá tó dábùú lórí rẹ̀ fẹ̀ ní 100, ó nípọn ní 20. Mo kó 50 àti 110 jọ, mo pín in sí méjì, mo rí 80. Wọ́n sì máàkì mi gbà.

Onírúlà

Wọ́n máàkì ẹ gbà torí pé éríà méjèèjì dọ́gba ni. 20 × 100 jẹ́ 2,000. 100 × 20 náà jẹ́ 2,000. Ẹni tó gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀ ló kó bá ẹ.

Sọ apá tó dábùú di 150 ní fífẹ̀, kó o tún un ṣe. Éríà rẹ̀ di 3,000. (2,000 × 50 + 3,000 × 110) ÷ 5,000 = 86. Ọ̀nà tìrẹ á ṣì máa pe 80, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fi irin kan kún un. Èyí tí éríà rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń fa centroid sọ́dọ̀ ara rẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí A fi wà nínú fọ́múlà. Nínú ìbéèrè òkè yìí, ọ̀nà rẹ á mú 84.2 àti 55 wá, á sì ka ihò mọ́ irin.

Ajórin

Ohun tó ń rú mi lójú ni ihò yẹn. Ìdajì rẹ̀ bọ́ sínú onígun mẹ́rin, ìdajì kejì bọ́ sínú ìdajì òbìrí. Ṣé kò yẹ ká là á sí méjì, ká yọ ọ̀kan níbí, ká yọ ìkejì lọ́hùn-ún?

Ìyá_Àtẹ

O lè là á tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀. Ìdajì ihò kọ̀ọ̀kan á ní éríà 628.3. 4r/3π ti rédíọ̀sì 20 jẹ́ 8.49, nítorí náà x ọ̀kan á jẹ́ 111.51, ti èkejì á jẹ́ 128.49. Ro méjèèjì pọ̀: 628.3 × (111.51 + 128.49) = 628.3 × 240 = 150,796. O ti padà síbi tó o ti gbéra. Ihò ò mọ ibi tí ìwọ fa ìlà sí nínú ìwé rẹ. Ibi tí irin ò sí nìyẹn, yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èyí tó yẹ kó o ṣọ́ ni kí o má yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rí ẹni tó yọ odidi ihò lára onígun mẹ́rin, tó tún yọ odidi rẹ̀ lára ìdajì òbìrí.

Ọ̀bẹ_Mímú

Mo fẹ́ kín ọ̀rọ̀ Ìyá_Àtẹ lẹ́yìn. Mo gé ìrísí yẹn ní ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá láti fi dán an wò. Onígun mẹ́rin 60 × 140 lápá òsì (A = 8,400, àárín rẹ̀ ní (30, 70)), mo yọ onígun mẹ́ta òfìfo tó wà lókè rẹ̀ lápá ọ̀tún kúrò (A = −1,800, centroid rẹ̀ ní (40, 120)), mo fi onígun mẹ́rin 60 × 80 kún un (A = 4,800, àárín rẹ̀ ní (90, 40)). Éríà: 11,400. Ax: 612,000. Ay: 564,000. Ẹ ro ìlà méjì àkọ́kọ́ nínú àtẹ Ọ̀dọ́_Oníṣirò pọ̀, ẹ ó bá nọ́ńbà mẹ́ta yìí gẹ́lẹ́ níbẹ̀.

Bó o ṣe gé e ò kan ìdáhùn. Bí ìdáhùn méjì bá yàtọ̀, àṣìṣe wà nínú ọ̀kan nínú wọn, ó sì lè wà nínú méjèèjì.

Àgbà_Ìwọ̀n

Ẹ kú àpérò o. Ẹ gbà mí láyè kí n ráhùn díẹ̀. Gbogbo yín sáré lọ sídìí àtẹ, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ irin náà.

Ẹ mú onígun mẹ́ta kúrò ná. Ẹ wo ohun tó kù: onígun mẹ́rin, ìdajì òbìrí, ihò. Bí ẹ bá fa ìlà dábùú ní y = 40, òkè àti ìsàlẹ̀ bára dọ́gba láìku ibì kan. Nítorí náà centroid ohun tó kù yẹn ò lè kúrò lórí ìlà y = 40. A ò tíì tẹ kọ̀ǹpútà, a ò tíì mú bírò.

Ẹ wá dá onígun mẹ́ta padà. Centroid tirẹ̀ wà ní y = 100, ìyẹn 60 mm sókè ìlà wa. Òun nìkan ló ń fa nǹkan sókè. Éríà rẹ̀ jẹ́ 1,800 nínú 12,657. Nítorí náà:

ȳ = 40 + (60 × 1,800 ÷ 12,657) = 40 + 8.53 = 48.53

Gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù Ay nìyẹn, ó ti parí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo 56.5 tí ọmọ wa kọ́kọ́ rí. Ohun tó ń sọ ni pé onígun mẹ́ta tí kò pé ìdá kan nínú méje irin náà fa centroid sókè ní 16.5 mm, ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin 60 mm tó wà láàárín wọn lọ. Kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti wo irin náà báyìí á ti mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ kó tó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ihò tó sì jókòó gẹ́lẹ́ sórí ìlà ìbáradọ́gba ò ní rí ibi yọ ọ́ lẹ́nu: bí a bá wọn y rẹ̀ láti ìlà yẹn, odo ni, àmì tó wù kó ní.

Igun ìsàlẹ̀ lápá òsì kì í ṣe ilé odo. Ibi tó bá dín iṣẹ́ kù ni ká gbé odo sí.

Onírúlà

Ẹ kú àgbà sà, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ nínú ìdánwò, àtẹ ni wọ́n ń fún ní máàkì. Bí ọmọ yìí bá kọ ìlà kan péré, tí nọ́ńbà kan sì ṣì, kò sí ibi tí wọ́n á ti ṣàánú ẹ̀.

Àgbà_Ìwọ̀n

Mi ò ní kó má ya àtẹ. Mo ní kó mọ ibi tó yẹ kí ìdáhùn bọ́ sí kó tó yà á. Bí odo bá sì wà ní (120, 40), x onígun mẹ́rin á di −60, ti onígun mẹ́ta á di −100, ti ihò á di 0, ti ìdajì òbìrí á di 16.98. Àpapọ̀ Ax = −576,000 − 180,000 + 42,667 = −713,333. Pín in, ó di −56.36. 120 − 56.36 = 63.64. Nọ́ńbà kéékèèké, ihò sì ti kúrò nínú Ax àti Ay pátápátá. Inú A nìkan ló kù sí. Ẹni tó ń ṣàṣìṣe àmì ló yẹ kó fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù.

Akọ́ṣẹ́_Tuntun

Níbo tiẹ̀ ni wọ́n ti rí 4r/3π? Ti onígun mẹ́ta yé mi, ìdá kan nínú mẹ́ta gíga láti ìdí. Èyí ò yé mi, mo kàn ń há a sórí ni.

Ọ̀bẹ_Mímú

Integration (ríro àwọn ègé tíntìntín pọ̀) ni gbogbo ìwé fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó wù mí ju ìyẹn lọ. Pappus ará Alẹkisáńdíríà ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, Guldin tún gbé e jáde ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Ó ní bí o bá yí ìrísí kan po ìlà kan tí kò gé e kọjá, ìwọ̀n ohun tó bá jáde jẹ́ éríà ìrísí náà lọ́nà ìrìn tí centroid rẹ̀ rìn.

Yí ìdajì òbìrí po ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gún. Bọ́ọ̀lù ló jáde, a sì mọ ìwọ̀n bọ́ọ̀lù: 4πr³/3. Éríà ìdajì òbìrí jẹ́ πr²/2. Ìrìn centroid jẹ́ 2π lọ́nà jíjìnnà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ náà, ká pè é ní d. Nítorí náà 4πr³/3 = (πr²/2) × 2πd = π²r²d. Pa ohun tó jọra rẹ́, d = 4r/3π. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.424r.

Ti onígun mẹ́ta ti pẹ́ jùyẹn lọ. Archimedes ti fi hàn ní ohun tó ju 2,200 ọdún sẹ́yìn pé ibi tí àwọn ìlà láti igun dé àárín ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i ti pàdé ni. Ẹ rántí pé ìdí ni ìdá kan nínú mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ o. Láti ṣóńṣó, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni.

Ajórin

Bí wọ́n bá tẹ wáyà kí ó rí bí ìdajì òbìrí ńkọ́? 0.424r yẹn náà ni?

Ìyá_Àtẹ

Rárá o! Wáyà ò ní éríà tí à ń kà, gígùn rẹ̀ là ń kà. Ti wáyà ìdajì òbìrí jẹ́ 2r/π, nǹkan bí 0.637r. Ó jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ tó gún ju ti irin pẹlẹbẹ lọ, torí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ń fà á padà, etí nìkan ló ní. Inú ìwé, fọ́múlà méjèèjì máa ń wà nítòsí ara wọn, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń ṣì. Bí ìbéèrè bá ní wáyà, fi L rọ́pò A jákèjádò àtẹ.

Ajórin

Mo gbọ́ mà. Ọ̀kan ló kù. Níbi iṣẹ́ wa, irin L la máa ń lò, 100 × 100 tó nípọn ní 10. Mo fi ọ̀nà yín ṣe é, mo rí (28.7, 28.7). Ṣùgbọ́n kò sí irin níbẹ̀! Òfìfo ni.

Àgbà_Ìwọ̀n

O gbà á. 1,000 ní (5, 50), 900 ní (55, 5), (5,000 + 49,500) ÷ 1,900 = 28.7. Centroid ò jẹ irin ní gbèsè pé kó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń ṣe ọ́ bí iyèméjì, gé ìrísí náà láti ara páálí. Fi abẹ́rẹ́ gbé e kọ́ níbì kan létí, so òwú tó ní nǹkan wíwúwo lẹ́nu mọ́ abẹ́rẹ́ náà, fa ìlà tẹ̀ lé òwú. Gbé e kọ́ níbòmíràn, fa ìlà kejì. Fún L, wàá ní láti lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo òfìfo yẹn kí ìlà méjèèjì lè ríbi pàdé.

Wọ̀n_Dáadáa

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: páálí yẹn, ibi tí ìwúwo ti dọ́gba ló ń fi hàn. Òun àti centroid máa ń jẹ́ ibì kan náà bí ohun èlò bá jẹ́ oríṣi kan, tó nípọn bákan náà. Ká ní onígun mẹ́ta inú ìbéèrè yìí jẹ́ irin tó jẹ́ 7,850 kg/m³, tí ìyókù jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tó jẹ́ 2,700. Centroid ò yẹsẹ̀, 48.53 ló wà. Ibi tí ìwúwo ti dọ́gba ní tirẹ̀ á gòkè. Onígun mẹ́ta á dà bí éríà 1,800 × 7,850 ÷ 2,700 = 5,233; ìyókù jẹ́ 10,857. Ọ̀nà Àgbà_Ìwọ̀n: 40 + 60 × 5,233 ÷ 16,090 = 59.5 mm. Mílímítà mọ́kànlá ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹ wo ohun tí ìbéèrè béèrè kẹ́ ẹ tó dáhùn.

Ọ̀dọ́_Oníṣirò

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Apá (b) ìbéèrè náà rèé: wọ́n ní ká sún ihò náà wálẹ̀ tààrà títí ȳ á fi di 50. Mo gbé odo sí y = 40 bí Àgbà ṣe wí. Mo fẹ́ kí àpapọ̀ Ay jẹ́ 10 × 12,656.6 = 126,566. Onígun mẹ́ta mú 108,000 wá. Ó ku 18,566 tí ihò gbọ́dọ̀ mú wá. −1,256.6 × y = 18,566, y = −14.8. Àárín ihò á wà ní 40 − 14.8 = 25.2 mm láti ìsàlẹ̀. x̄ ò yí padà, torí tààrà ni ihò sọ̀ kalẹ̀. Ṣé mo gbà á?

Ìyá_Àtẹ

O gbà á, àmì rẹ sì pé lọ́tẹ̀ yìí. Ihò wálẹ̀, centroid gòkè. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ajórin

Ẹ tún wò ó bóyá ihò ṣì gba ibẹ̀ o. Rédíọ̀sì rẹ̀ 20, àárín rẹ̀ 25.2, ó ku 5.2 mm irin nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbà á, ṣùgbọ́n èmi ò ní fẹ́ lu ú níbẹ̀.

Àgbà_Ìwọ̀n

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Bí ihò bá sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan etí, àárín rẹ̀ á wà ní 20, ȳ á sì jẹ́ 40 + (108,000 + 25,133) ÷ 12,657 = 50.5. Ẹni tó bá ní kó o gbé e dé 52, sọ fún un pé kó wá ihò tó tóbi jù ú lọ.